Àwín nínú ife: àkọsílẹ̀ ìmúrasílẹ̀ mi fún ìdíje barista

Ọjọ́ 9, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ẹ̀rọ kọfí náà dé lónìí. Tòkunbọ̀ ni, olórí kan: ibi kan ṣoṣo ni omi gbígbóná ti ń bọ́ sórí kọfí. Ẹni tó tà á fún mi ní Èkó búra pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Èmi àti àbúrò mi la jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, a gbé e ka orí tábìlì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà, mo nù ún dáadáa, mo bu omi sí i, mo tàn án. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi mọ̀ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Omi ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ, èyí tó ń gbé asẹ́ kọfí dání, ń wọ̀. Géèjì prẹ́ṣọ̀ sáré lọ dúró sí bar 12, ó ga jù. Ọ̀pá tó ń fẹ́ ooru sínú wàrà ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà.

Ìdí tí mo fi ra ẹ̀rọ kejì ni pé ní oṣù Ẹrẹ́nà, màá dúró níwájú àwọn adájọ́ ní Èkó nínú ìdíje barista, ìyẹn àwa tí à ń po kọfí tà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń tajà kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò sì lè ní kí oníbàárà dúró kí n máa dánra wò. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe ti àgbáyé ni wọn yóò lò: ìṣẹ́jú 15, ife espresso 4 (kọfí kíki díẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ipá omi gbígbóná fún jáde), ife oníwàrà 4, ife àrà 4 tí onídìíje fúnra rẹ̀ gbèrò. Ife 12 lápapọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí ìṣẹ́jú 15 ń gé máàkì kan. Ẹni tó bá fi odindi ìṣẹ́jú kan kọjá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe aago ni mò ń bẹ̀rù jù. Nínú ìdíje yìí, o máa kọ́kọ́ sọ fún adájọ́ pé báyìí báyìí ni kọfí mi ṣe máa rí lẹ́nu yín, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ife sẹ́nu. Tí ohun tí o pè kò bá sí níbẹ̀, máàkì ti lọ. Kọfí náà lè dùn títí, kò ní rà á padà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá ń ṣe èyí tó wù ú lónìí, tó ń ṣe òmíràn lọ́la, kò lè wúlò fún mi.

Ọjọ́ 11

Mo tú u. Bọ́ílà náà funfun nínú bí ìkòkò tí wọ́n ti fi se omi kànga láti ọdún gbọọrọ. Ẹfun tó dì mọ́ ọn nípọn tó èékánná, ihò ẹnu ọ̀pá ooru sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un lọ́kọ̀ọ̀kan, eérún funfun ń jábọ́ sórí ìwé ìròyìn.

Mo po sítíríìkì ásíìdì, gíráàmù 30 sí lítà omi kan, mo dà á sínú bọ́ílà, mo jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀. Bí ó ṣe kan ẹfun yẹn báyìí, ó hó ṣìì bí ìgbà tí èèyàn da Andrews sómi. Mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40, mo dà á nù, mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀marùn-ún. Omi ìkẹrin ṣì kan díẹ̀ nígbà tí mo tọ́ ọ wò. Ìkarùn-ún kò kan mọ́.

Ọjọ́ 14

Omi tó ń jò. Orí ẹ̀rọ yìí jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní E61. Àwọn ará Ítálì ló ṣe é jáde ní 1961, ọdún tí òṣùpá bo oòrùn lójú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà: E ni “eclipse”, 61 ni ọdún. Oríire ló jẹ́, torí títí dòní gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò wọ́n: mílímítà 73 lẹ́yìn, 57 nínú, 8 ní ìnípọn. Èyí tó wà nínú tèmi ti gbẹ, ó ti le bí èèpo àgbọn. Mo yí ìṣó onírin méjì wọ̀ ọ́ lára, mo fi púláyà fà á, ó ń já wẹ́wẹ́ jáde.

Mo kánjú. Dípò kí n ní sùúrù kí tuntun ti Èkó dé, mo gbé ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí àdúgbò Gate, ẹnì kan gé òmíràn fún mi látara rọ́bà ọkọ̀. Ó wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Omi kò jò mọ́. Espresso àkọ́kọ́ sì ń rùn bí táyà tuntun. Ìkejì ń rùn. Ìkẹwàá ń rùn. Mo yọ ọ́ jù nù. Rọ́bà tí wọn kò ṣe fún ohun tí à ń fi sẹ́nu kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi gbígbóná tí èèyàn máa mu, ó yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wọkọ̀ lọ sí Gate. Mo fi owó ránṣẹ́ fún èyí tí wọ́n fi sílíkónì ṣe.

Ọjọ́ 21

Gásíkẹ́ẹ̀tì dé. Mo fi gírísì tí kì í ṣe ẹnu ní jàǹbá pa á, mo tì í wọlé. Ọwọ́ ẹ̀rọ dúró ṣánṣán, ó kọjú sí mi tààrà, bó ṣe yẹ kó dúró.

Lẹ́yìn náà ni prẹ́ṣọ̀. Mo fi asẹ́ tí kò ní ihò dí ẹnu orí ẹ̀rọ, mo tan pọ́ọ̀mpù, géèjì lọ sí 12. Mo yí ìdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀mpù sí apá òsì díẹ̀díẹ̀, mò ń wo géèjì: 11, 10, 9 ààbọ̀, 9. Mo dúró síbẹ̀. Omi tó ń bọ̀ pẹ̀lú ipá 12 máa ń tẹ kọfí mọ́lẹ̀ jù, á wá ibi tó rọ̀, á gba ibẹ̀ lọ. Ibi tó gbà kọjá á korò, ibi tí kò dé á kan, ìkan àti ìkorò á sì jọ bọ́ sínú ife kan. Lẹ́yìn tí mo yí i tán, mo wo ìsàlẹ̀ asẹ́ nígbà tí kọfí ń jáde. Tẹ́lẹ̀, ibi mẹ́ta ló ti máa ń tú jáde. Báyìí ó ń kó ara rẹ̀ jọ sí àárín, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa bí epo.

Ọjọ́ 24

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ooru ti tán lọ́jọ́ tí mo fọ bọ́ílà. Kò tán. Láàárọ̀, ẹ̀rọ náà fẹ́ jọ̀gọ̀ wàrà mẹ́ta léra wọn, kò mí hẹlẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, jọ̀gọ̀ àkọ́kọ́ dára, ìkejì fà, ìkẹta kò lè yí mọ́, ìfófòó rẹ̀ tóbi bí ti ọṣẹ ìfọṣọ. Mo tú ọ̀pá, mo gún un lábẹ́rẹ́, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Espresso alẹ́ náà kan ju ti àárọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ mi ò yí nǹkan kan padà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ẹ̀rọ jà lórí ẹ̀sùn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀gá oníná tó wà ní òdìkejì títì ló là mí lójú. Wọn ò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Wọ́n yọ míta wọn jáde, wọ́n ki ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri.

“172,” ni wọ́n wí. “Àǹtí, ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan. Iná ni ò tó.”

Wọ́n ní kí n jí ní aago márùn-ún ìdájí kí n wò ó fúnra mi, wọ́n sì fi míta náà sílẹ̀ fún mi. Mo jí. 226.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, ni pé tí fóòtì bá wálẹ̀, agbára irin tó ń se omi máa ń wálẹ̀ jù ú lọ. 172 jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 230 tó yẹ kí iná jẹ́. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni ìyà rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Irin tèmi tó yẹ kó jẹ́ wáàtì 1,400 ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé 780 ni. Ẹ ò rí i pé ooru kò lè dé jọ̀gọ̀ kẹta. Omi tó ń lọ bá kọfí náà kò gbóná tó, ìyẹn ló ń jẹ́ kí espresso alẹ́ kan.

Wọ́n yá mi ní sìtábíláísà 5 kVA kan tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn títí ìdíje á fi parí. Ó ń kùn bí oyin, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lára rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ 220. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ń ya wèrè lálẹ́ tó ń gbọ́n láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ yá míta kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ọjọ́ 28

Omi. Mo ra kálámù kékeré tí wọ́n ń tì bọ omi kó lè sọ iye nǹkan tó yọ́ sínú rẹ̀, ní mílígíráàmù sí lítà kan. Omi kànga ilé wa, lẹ́yìn tí mo sè é tí mo sì sẹ́ ẹ: 312. Píọ̀ wọ́tà tí mò ń rà: 38. Èyí tí àwọn tó ń ṣòfin kọfí lágbàáyé fẹ́ràn wà lágbègbè 150, wọ́n sì fàyè gba 75 sí 250.

312 ló kó ẹfun sínú bọ́ílà ẹni tó ni ẹ̀rọ ṣáájú mi, tàbí omi tó jọ ọ́. Ó sì tún ń pa ìkan kọfí lẹ́nu, ohun gbogbo á kàn rí pẹ̀ẹ́. 38 náà kò dára: kọfí á mú jù, á gbẹ, kò ní ara. Mo wá po wọ́n pọ̀, lítà mẹ́ta omi kànga sí méje píọ̀ wọ́tà. Kálámù kà á sí 121. Àbúrò mi mu espresso omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmọ èwo ni èwo, àdàlù ló nawọ́ sí.

Lọ́jọ́ ìdíje, omi tiwọn la máa lò, mi ò lè gbé kànga dání lọ sí Èkó. Àmọ́ ó kéré tán, mo ti mọ bí ohun tí mò ń wá ṣe rí lẹ́nu.

Ọjọ́ 2, oṣù Èrèlè

Kọfí tí mo mú ni irú tí wọ́n ń pè ní arabica, láti òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,600. Àwọn kan ní kí n lo ti Ethiopia, pé òun ni adájọ́ mọ̀. Mo gbọ́, mi ò gbà. Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé ní Monte Carlo ní ọdún 2000, títí di 2011 kí ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin kọfí tó kọ́kọ́ gba ipò kìíní: Alejandro Mendez, ọmọ El Salvador. Ẹni tó ń gbìn ín jókòó fún ọdún mọ́kànlá, ó ń wo ẹni tó ń rà á. Àwa náà ń gbìn ín. Láti Ìbàdàn níbí, kò jìnnà tí ẹ máa fi dé Ìdí-Ayùnrẹ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, wà láti 1964. Kòkó ló wà nínú orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣèwádìí kọfí, obì, kajú àti tíì pẹ̀lú. Ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n kó wa lọ síbẹ̀. Mo já èso kọfí pupa kan, mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan, kóró ló kún inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé èso ni kọfí.

Ọyẹ́ ń jà lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé kọfí lílọ̀ ń fò mọ́ ara ike ẹ̀rọ ìlọ̀, ó ń dì ní kúlúkúlú. Mo da gíráàmù 20.0 sí i, 19.3 jáde. Ìyókù lẹ̀ mọ́ inú, á sì jáde lọ́la pẹ̀lú kọfí ọ̀la, nígbà tó ti ṣá. Ẹ̀kán omi kan péré lórí kóró kọfí kí n tó lọ̀ ọ́, mo fi ìdí ṣíbí rò ó, ó parí: 19.9.

Mo tún rí i pé kò yẹ kí n kánjú sí kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn yíyan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣì pọ̀, ó ń tú jáde pẹ̀lú ìfófòó burúkú. Ọjọ́ kẹwàá ló fara balẹ̀. Ẹni tó ń yan án fún mi ti mọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ yan ti ìdíje.

Ọjọ́ 6

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ló yí gbogbo iṣẹ́ yìí padà.

Màámi yà kí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ fún àwọn adájọ́ sókè: ẹ máa rí òdòdó jasmine nínú rẹ̀, ẹ máa rí bergamot. Wọ́n jẹ́ kí n kà á tán.

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́gámọ́ọ̀tì?”

“Irú ọsàn kan ni, Mà, lọ́nà Ítálì lọ́hùn-ún.”

“O ti jẹ ẹ́ rí?”

Mi ò jẹ ẹ́ rí. Inú ìwé ni mo ti kà á.

“Bu tìrẹ yẹn wá.”

Màámi kì í mu kọfí tí kò bá sí mílíìkì àti ṣúgà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹnu kàn án, ojú wọn ṣú, wọ́n gbé e mì. Wọ́n dákẹ́. Mo ń wo bí ahọ́n wọn ṣe ń rìn nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Ó kọ́kọ́ korò,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àwín ni. Bí ìgbà tí o lá àwín tán tó wá ku kóró lẹ́nu ẹ. Àwín inú oyin.”

Wọ́n dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Èmi gba ọjà Bódìjà lọ. Àwín ti wà níta nísinsìnyí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní agolo. Mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo mú ẹyọ kan: èèpo dúdú, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí aṣọ àrán. Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ pọ́, ẹran inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, ó dà bí ìyẹ̀fun tó ṣù. Mo lá a. Ìkan rẹ̀ fa ẹ̀gbẹ́ ahọ́n méjèèjì, adùn rẹ̀ tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn. Mo gbé espresso mu. Ìkan yẹn náà ni, ibi kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, adùn yẹn náà ló tẹ̀ lé e. Mo ti ń mu kọfí yìí láti oṣù mẹ́ta, orúkọ ohun tí mi ò mọ̀ ni mò ń pè é.

Mo fún oníbàárà mẹ́fà, mi ò sọ nǹkan kan fún wọn, mo kàn bi wọ́n pé èso ilé wa wo ló rán wọn létí. Mẹ́rin pe àwín. Ẹnì kan ní ọsàn. Ẹnì kan ní òun ò mọ̀.

Láti òní lọ, àwín ni òṣùwọ̀n mi. Kọfí gíráàmù 20, kí 44 jáde fún ife méjì. Tó bá jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 24, àwín tí kò tíì gbó ni, ó ń kan ehín. Ní 33, àwín ti lọ, ìkorò ló kù. Ní 28, pẹ̀lú omi 93 °C, ó dúró ṣinṣin: àwín ní ìbẹ̀rẹ̀, oyin ní àárín, ẹ̀pà sísun nígbà tó bá ti lọ tán. Tí ìfófòó bá wà lórí rẹ̀, ife kọ̀ọ̀kan ń wọ àárín mílílítà 25 sí 35 tí òfin sọ.

Ọjọ́ 11

Bàbá káfíńtà ní Sángò bá mi kan tábìlì. Ẹ̀rọ ìdíje olórí méjì ni, tèmi olórí kan. Mo ní kí wọ́n fi páálí igi gé orí kejì, kí wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi ní àyè tó yẹ kó wà. Wọ́n wò mí títí. “Ọmọ mi, èyí ò lè po tíì o.” Mo ní kì í ṣe pé kó pò ó, Bàbá, ọwọ́ mi ni mo fẹ́ kó kọ́. Ó yé wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi ihò sí i tí ọwọ́ ẹ̀rọ lè kọ́ mọ́. Gíga tábìlì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90. Mo fi téèpù funfun sàmì sí ibi tí ife, aṣọ ìnutábìlì, òṣùwọ̀n àti jọ̀gọ̀ máa jókòó sí, ohun kan ò gbọdọ̀ kúrò lórí àmì rẹ̀.

Mo ṣe ìṣirò kan. Ife 12, asẹ́ kan fún ife méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni màá fi omi sórí kọfí. Lọ́nà àáyá 28, ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 48. Gbogbo ìyókù ìṣẹ́jú 15 yẹn, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu ló ni ín.

Ọjọ́ 15

Wàrà, ní kúkúrú. Tàwọn Fúlàní ló dùn mọ́ mi jù. Mo rà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbé e dé 63 °C, mo sì dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ti àkọ́kọ́ dán bí ọ̀dà. Ìkejì fẹ́lẹ́. Ìkẹta yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, koríko ò sí, màlúù ò lè fúnni ní ohun tí kò jẹ. Mo padà sí mílíìkì inú páálí tí ọ̀rá rẹ̀ kì í yí padà. Mò ń gbé e dé 60 °C, níbi tó ti dùn jù. Tó bá kọjá 70, òórùn mílíìkì jíjóná ló kù.

Ọjọ́ 19

Ife àrà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ lo agbálùmọ̀, torí àsìkò rẹ̀ la wà, mi ò sì mọ ọmọ Ìbàdàn tí kò ní jí i jẹ nílé ẹlòmíràn. Mo ra ogún ní Ọ̀jẹ́. Mo fún omi rẹ̀, mo pò ó mọ́ espresso tútù àti oyin. Lẹ́nu, ó dára. Lórí ètè, wàhálà. Oje rẹ̀ tó dà bí gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹnu ife, ó lẹ̀ mọ́ ètè èmi àti àbúrò mi. Mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Ó dín kù, kò tán. Mi ò lè fún adájọ́ ní ohun tí yóò pa ètè rẹ̀ dé nígbà tó yẹ kó máa kọ máàkì.

Ó dùn mí. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì múra sọ̀rọ̀ agbálùmọ̀.

Ọjọ́ 23

Àwín náà ni. Mi ò mọ ìdí tó fi pẹ́ tó báyìí kí n tó rí i. Mo bó ẹran àwín gíráàmù 60, mo rẹ ẹ́ sínú mílílítà 300 omi tútù fún wákàtí mẹ́rin, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo po gíráàmù 40 oyin mọ́ ọn. Espresso ife mẹ́rin, mo gbé ife tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lé orí yìnyín kí wọ́n lè tutù láìgba omi. Ìgbà àkọ́kọ́ ó kan jù, torí ìkan méjì pàdé. Mo dín omi àwín kù sí mílílítà 25 sí ife kan, ó bá a mu. Ohun tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn espresso ti bọ́ síwájú báyìí, adájọ́ tí kò bá rí i nínú ife kìíní á rí i nínú èyí, á sì mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mo pa ní ìbẹ̀rẹ̀.

Màámi mu tiwọn tán. Wọ́n ní kí n bu òmíràn.

Ọjọ́ 1, oṣù Ẹrẹ́nà

Ìdánrawò odindi, àbúrò mi mú aago, ọ̀rẹ́ mẹ́rin jókòó bí adájọ́. Ìṣẹ́jú 18 àti àáyá 40. Wọn ì bá ti lé mi.

Ọjọ́ 4

16:07. Wọn ì bá ṣì lé mi. Àbúrò mi ya fídíò rẹ̀, a jókòó wò ó lálẹ́. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo rìn láti ìdí ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ìgbà mọ́kànlélógún ni mo nu tábìlì, mi ò mọ̀ pé mo nù ún ju mẹ́ta lọ. Ẹ̀rù ló ń nù ún.

A mú àwo pẹrẹsẹ kan wọlé: ife mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ìrìn mẹ́rin péré. Mo gé ọ̀rọ̀ mi kù. Ìtàn nípa Mambilla gùn tẹ́lẹ̀, ó ti di gbólóhùn mẹ́ta. Ohun tí mo sọ nípa àwín nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ 7

15:22. Àáyá 22, máàkì 22. Iná lọ ní àárín rẹ̀, a tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ṣàkíyèsí pé mo ń pariwo, bí mo sì ti ń pariwo ni mò ń kánjú. A tún un ṣe pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ohùn mi fi kọ́ bí a ṣe ń lọ jẹ́ẹ́ nínú ariwo. Gbọ̀ngàn ìdíje kò ní dákẹ́ fún mi.

Ọjọ́ 10

14:51. Lẹ́yìn ìyẹn 14:48. Lẹ́yìn ìyẹn 14:55, torí ìfófòó ife wàrà kan kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì dà á nù, mo ṣe òmíràn, mo ṣì bọ́ sí i. Nínú gbogbo nǹkan tí mo kọ sílẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, èyí ló múnú mi dùn jù.

Mo fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ní ìwé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n tọ́ wò kí n tó lanu. Mẹ́ta kọ àwín. Ẹ̀kẹrin kọ “nǹkan kan tí mo máa ń jẹ ní kékeré tí mi ò rántí orúkọ rẹ̀”.

Ọjọ́ 13

Mo ti dá sìtábíláísà padà fún ọ̀gá oníná pẹ̀lú ike kọfí kan. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ń bẹ níbi tó wà, ó tutù, orí páálí igi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú àpótí: ẹ̀rọ ìlọ̀ tí mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé. Ọwọ́ ẹ̀rọ méjì. Òṣùwọ̀n méjì àti bátìrì wọn. Kálámù omi. Ife 12 àti mẹ́rin ìpamọ́. Jọ̀gọ̀ mẹ́ta. Aṣọ ìnutábìlì mẹ́wàá tí mo lọ̀. Kọfí tí wọ́n yan ní ọjọ́ 4, á pé ọjọ́ kẹwàá ní ọ̀la, ọjọ́ tí mo máa wọ orí pẹpẹ. Oyin. Àwín tí mo bó àti àwín tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, torí mo fẹ́ fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí àwo kékeré níwájú adájọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó fọwọ́ kan àrán rẹ̀, kí ó fọ́ ọ, kí ó lá a kí ó tó gbé ife.

Ọkọ̀ á gbéra ní àdúgbò Challenge ní aago márùn-ún ààbọ̀. Mo sọ fún dẹ́rẹ́bà pé àpótí náà kò ní wọ búùtù. Mo ti sanwó ìjókòó kejì fún un.